Irú Tí N Kò Gbóòórùn Rẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì ni mo mú bébà kan, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Mo kọ "ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe" sí apá kan, mo kọ "ohun tí n kò lè ṣe" sí apá kejì. Ó ti di ọdún kejìdínlógún tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó. Lẹ́tà ọ̀gá, èsì ìdánwò, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí àwọn tó ṣe ìpàdé náà gan-an kò ní kà. Ó ti sú mi. Ó sú mi débi pé bí mo bá ti gbọ́ "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kíákíá," ara mi á gbóná. Mo sì ti gbọ́ pé Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó bí mi, ń wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ irú lọ́wọ́ wọn ní Ayétòrò.

Mo rò pé mo fi òótọ́ kọ ọ́. Mo kọ pé mo lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí inú rẹ̀ rọ̀. Mo kọ pé n kì í gbàgbé ojú, n kì í gbàgbé ìlérí, n kì í jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀. Ní apá kejì, mo kọ pé mo tètè ń bínú, pé ẹ̀yìn máa ń ro mí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́, pé n kò lè gbé ẹrù wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí ohun kan, mo rẹ́rìn-ín, mo padà sí apá àkọ́kọ́, mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: òórùn kì í dà mí láàmú.

Kò dà mí láàmú lóòótọ́. Ní ọdún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú rìn, ibà kan dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀. Nígbà tí mo dìde, imú mi kò gbóòórùn mọ́. Mo ní yóò padà, kò padà. Ọjọ́ tó dá mi lójú ni ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò nígbà tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tí mò ń ṣa ẹ̀fọ́, tí aládùúgbò mi sáré wọlé wá bi mí pé ṣé n kò gbọ́ ni. Mo ní mo gbọ́, mo ní mo fẹ́ kó jó díẹ̀ ni. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nìkan ni mo sọ fún. Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Ó ní ó kúkú dára, òun á lè bọ́ bàtà nínú yàrá láìsí ìjà.

Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú á mọ ìdí tí mo fi ka ìyẹn sí ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ Màmá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ iṣẹ́ náà, òórùn rẹ̀ ni wọ́n sì ń ráhùn sí. Wọ́n ní ó ń bá aṣọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá aṣọ lọ mọ́ṣáláṣí, ó ń bá ènìyàn lọ ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà. Mo wá sọ fún ara mi pé ohun tó lé wọn kò lè lé mi. Ibi tí mo gbọ́n dé nìyẹn.

Bí ẹ kò bá tíì rí i rí, kóró irú le bí òkúta. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sè é títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á fọ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n á tún un sè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dà á sínú igbá bó ṣe gbóná yẹn, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ wé e, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. Inú òkùnkùn ibẹ̀ ló ti ń di irú. Ó lè jẹ́ ọjọ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́rin, ojú ọjọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Bí Màmá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, wọn kì í wò ó, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ká etí àpò sókè díẹ̀, wọ́n á gbé imú sí i, wọ́n á dijú. Bí wọ́n bá ní "Ó ti dé," ó ti dé nìyẹn. Èyí tó bá ti kọjá, wọ́n á ní ká lọ dà á nù. Wọn kì í tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìyẹn, kò sí ẹni tó ń ṣí ewé irú Màmá wò kó tó gbé e lọ. Àwọn tó ń wá láti Ìpókíá, àwọn tó ń wá láti Ajílété, títí kan àwọn ará òdìkejì bọ́dà tí wọ́n á fi Yorùbá ná ọjà tán kí wọ́n tó fi Faransé dúpẹ́, gbogbo wọn kàn ń gbé e ni. Kí o ṣí i níwájú Màmá, o ti pè wọ́n ní òpùrọ́ nìyẹn. Orúkọ yìí ni Màmá ní láyé. Ilé wọn ń jò, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ wọn ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣí ewé wọn.

Ẹ ó ní ṣé n kò rí wọn tí wọ́n ń gbé imú sí igbá ni. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn kì í rò ó. Mo kà á sí àṣà àgbà lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń ta omi sílẹ̀ kí wọ́n tó mu. Mo ní èmi tí mo kàwé, ọjọ́ ni n ó máa kà.

Orúnkún ni kò jẹ́ kí Màmá lè máa bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò mọ́, èéfín sì ti dá ikọ́ sí wọn láyà. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wọn, ará Ajílété, ẹgbẹ́ mi ni, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń bá wọn ṣe é. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé òun ni ààrò náà máa kàn. Òun náà á ti gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹnu sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo kúnlẹ̀ tí mo ní èmi ni mo fẹ́ ẹ, mo rí i tó dúró pẹ̀lú ajẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Inú Màmá dùn jọjọ. Ààrò ìyá wọn ni, ìyá ìyá tèmi náà, wọn kò sì fẹ́ kó bọ́ sí ìta. Mo sọ fún wọn pé òórùn kì í dà mí láàmú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò. Wọ́n ní kí obìnrin Ajílété gbé igbá méjì jáde, ọ̀kan ti dé, ọ̀kan kò tíì dé. Wọ́n ní kí n sọ èwo ló ti dé.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé imú ni iṣẹ́ náà, pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó tó imú. Mo ká etí àpò kìíní sókè, mo fà á símú. Kò sí nǹkan kan. Mo lọ sí ìkejì, afẹ́fẹ́ lásán ni. Mo gbé orí sókè bí ẹni tó ń ronú, ojú mi sì bá ti obìnrin Ajílété tó dúró lẹ́yìn Màmá. Igbá ọwọ́ òsì ló ń wò. Ó ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ti ń jí lójú oorun. Mo na ọwọ́ sí igbá òsì.

Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì sọ ohun tí n kò lè gbàgbé: "Imú ìyá mi lo gbé wáyé."

Títí di ọjọ́ yẹn, àìmọ̀ ni mo lè pè é. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n máa bá wọn tà á, kí obìnrin Ajílété máa ṣe é, à bá ti parí ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ara mi lórí àga Màmá. Mo ti ń rí ara mi tí n kò ní tẹ lẹ́tà ẹnikẹ́ni mọ́. Mo padà sí Ìlaròó, mo kọ ìwé pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi jọba. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dára níbẹ̀, torí òun náà wà. Mo kó nọ́ńbà gbogbo oníbàárà sínú fóònù, mo ń pe wọ́n kí wọ́n má baà wá lásán. Àwọn tí Màmá ti bá jà tipẹ́, mo lọ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n padà. Mo wá ẹni tó ń kó ewé tó mọ́ wá. Ọjà gbòòrò sí i, Màmá jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yìn mí níbi gbogbo. Iṣẹ́ títà yẹn, mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èmi kò sì jẹ́ kó tó mi.

Nídìí igbá, obìnrin Ajílété ló ń gbóòórùn. Kò sí ẹni tó ṣe àdéhùn rẹ̀. Ó kàn ń gbé ọwọ́ lé igbá kan, á ní, "Àǹtí, èyí ti dé," èmi á sì gbé imú sí i, n ó dijú bíi Màmá, n ó ní, "Ó ti dé lóòótọ́." Bí oníbàárà bá yìn mí, n ó dúpẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí níwájú ènìyàn, pé kó yára, pé kó má bo àpò bẹ́ẹ̀. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé pátápátá pé n kò gbóòórùn kankan. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí jù bí mo bá rántí báyìí.

Ìgbà òjò ni ọmọ rẹ̀ bímọ ní Ajílété, ó sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán nígbà tó wá bá mi nídìí ààrò. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀, kí Màmá má baà gbọ́.

"Àǹtí, ta ni yóò máa bá yín gbóòórùn rẹ̀?"

Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ igbá méjì, òun rí ojú mi. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé mo máa mọ̀ ọ́n tó bá yá, ìgbà tó yá ni òun rí i pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ sọ fún Màmá, kí wọ́n máa fi imú tiwọn bá mi ṣe é títí òun á fi dé. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó ń bẹ̀ mí ni. Bí mo bá ní ọpọlọ lọ́jọ́ náà, ǹ bá kúnlẹ̀ fún un. Ohun tí mo sọ ni pé, "Lọ gbájú mọ́ ọmọ tó o fẹ́ lọ wẹ̀. A kò fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbí." Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ẹyin lohùn. Ọjọ́ kẹta tó lọ ni Ìyá Ìpókíá pè mí. Àgbàlagbà ni, wọ́n ti ń ra irú lọ́wọ́ Màmá láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ wọn ti kú, fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ irú púpọ̀ fún ọbẹ̀ àlejò. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ náà, kọ̀rọ̀ yàrá tutù, mo sì fi aṣọ kún àpò. Mo ka ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣí i wò. Ó ń fà yọ̀ọ̀ bó ṣe yẹ kó fà. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Mo fi ahọ́n kàn án, iyọ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Mo gbé igbá náà lọ bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀fìnkìn ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, wọ́n fi ìborùn wé ọrùn. Wọ́n ká etí àpò, wọ́n gbé imú sí i, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá bi mí pé ṣé ó ti dé. Mo ní, "Ó ti dé, Màmá." Wọ́n tún gbé imú sí i, wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn náà gbọ́ ọ, ó ti dé. Mo di í sínú ewé, mo fi ránṣẹ́ sí Ìpókíá.

Ìyá Ìpókíá wá fúnra wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n kí Màmá dáadáa, wọ́n jókòó, wọ́n béèrè ọ̀fìnkìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ewé kan nínú báàgì, èyí tó ṣẹ́kù nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣí i níwájú Màmá. Láyé mi, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ lójú títì fi etí ìborùn bo imú. Màmá gbé orí sẹ́yìn. Èmi nìkan ni ojú mi kò yí padà nínú gbogbo wa, torí n kò mọ bó ṣe rùn tó.

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń sè kò fura, torí irú, irú náà ni. Orí iná ni òórùn ti yí padà. Àlejò ti jókòó, àwọn àlùfáà ti ṣàdúrà tán, ọbẹ̀ kò ṣe é bù. Wọ́n dà á nù tẹran-tẹja, búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n fi gba àlejò níbi fídáù ọkọ wọn. Àwọn àna wọn sì ń sọ pé ìyàwó kò bìkítà fún òkú.

Mo la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo la ẹnu láti sọ ọ́. Màmá ló ṣáájú mi.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Mo gbé imú sí i, mo ní ó ti dé. Ẹ dárí jì mí. Imú mi ti kú."

Mo pa ẹnu mi dé.

Kò tó ọjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ fi kárí Ayétòrò pé imú Ìyá oníirú ti kú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àánú ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn ló tún wá burú jù. Àwọn tó wá rà ṣí ewé wò ní kọ̀rọ̀, wọ́n rò pé a kò rí wọn. Wọ́n tún máa ń kí mi pẹ̀lẹ́, pé kí n mójú tó màmá àgbà, pé ayé kò tọ́ lọ bí òréré. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Àìlera tèmi ni mo mú, mo gbé e wọ arúgbó lára bí ẹ̀wù, gbogbo ìlú sì ń kí i pẹ̀lẹ́.

Màmá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Láàárọ̀, wọ́n á ní kí n gbé nǹkan wá kí àwọn yẹ imú àwọn wò. Wọ́n á dijú, n ó gbé ọṣẹ sí i, wọ́n á ní ọṣẹ ni. N ó gbé ìgò kẹrosíìnì sí i, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ àlùbọ́sà, wọ́n mọ èèpo ọsàn, wọ́n mọ aṣọ tí mo fi nu eruku. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣì. Síbẹ̀, wọ́n á la ojú, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn nǹkan líle nìyẹn, ẹni gbogbo ló lè gbọ́ wọn, pé ti irú ló fara sin. Wọ́n ní ọjọ́ náà àwọn gbọ́ ọ pé ó ti dé. Wọ́n ní ẹni tí imú rẹ̀ bá ti ń tan án jẹ, ó kù díẹ̀ kí ojú náà bẹ̀rẹ̀. Wọn kò jẹun tán mọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé èèpo ọsàn sí imú wọn tí mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe imú náà. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé lọ́la. Mo ń bẹ̀rù ìlú, mo ń bẹ̀rù ọ́fíìsì tí mo ti kúrò, mo ń bẹ̀rù ojú obìnrin Ajílété. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rọrùn láti fi bébà wá ohun tí ènìyàn lè ṣe. Kí o sọ ohun tí o kò lè ṣe síta níwájú ẹni tó ti yìn ọ́, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá kò dijú. Wọ́n gba èèpo ọsàn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn, wọ́n sì nà án sí mi.

"Ìwọ tí imú rẹ ṣì dára, gbọ́ ọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó le tó nìyí, àbí ó ju báyìí lọ? Mo fẹ́ mọ iye tó ti lọ lára tèmi."

Mo gbà á. Mo gbé e sí imú mi, mo fà á, mo sì dá a padà sí ọwọ́ wọn.

"Màmá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọdún ibà yẹn ni n kò ti gbóòórùn mọ́. Imú tèmi ló kú, kì í ṣe tiyín."

Wọ́n bi mí nípa igbá méjì, mo sọ fún wọn pé ojú obìnrin Ajílété ni mo wò. Wọ́n bi mí nípa irú Ìpókíá, mo ní ọjọ́ ni mo kà. Mo ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, ojú mi ti kan sìmẹ́ǹtì. Mò ń retí èpè. Bí wọ́n bá fi igi ààrò nà mí, mi ò ní sá.

Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé imú mi ò kú?"

Mo ní kò kú, Màmá.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, wọ́n tún gbé èèpo ọsàn náà sí imú wọn, wọ́n ń fà á bí ọmọdé tó rí ohun dídùn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó yẹ mí, pé mo gba àwọn lọ́wọ́ ikú. Mo dúró de ìbínú náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá. Ayọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè bú mi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin Ajílété. Ó parí ogójì ọjọ́ rẹ̀, ó sì dé, Màmá gbé ààrò náà lé e lọ́wọ́ níwájú àwọn ẹbí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti tán, ó sì fi mí sí ìdí ọjà títà, ibi tó tọ́ sí mi. Èmi ni mò ń pè é ní Àǹtí báyìí, kò sọ pé kí n má pè é bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí Ìpókíá fúnra mi, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Ìpókíá gbé mi dìde. Wọ́n ní àwọn dárí jì mí, wọ́n ní kí n bá àwọn kí Màmá. Nígbà tí mo ń lọ ni wọ́n sọ pé, "Ogójì ọkọ mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Màmá ṣì ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, wọ́n á ní kó sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n á ní imú àwọn kò kú o, irọ́ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á nawọ́ sí mi níbi tí mo ti ń di irú sínú ewé. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi yìí ló sọ òótọ́ fún mi. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í purọ́."

Oníbàárà á wò mí, á rẹ́rìn-ín sí mi. N ó wolẹ̀, n ó máa di ewé lọ.